Òwú tí Àwẹ̀ró So Mọ́ Òkè

"Òwú tó ń le kì í ké, ọjọ́ tó bá já layé ń gbọ́ ohùn rẹ̀." Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló mọ òwú tí a ń wí, àti ibi tí wọ́n so ó mọ́?

Ìlú kékeré kan wà láyé àtijọ́ tí ń jẹ́ Abẹ́-Àpáta. Àpáta tó ga lẹ́yìn rẹ̀ là láti orí dé ìdí. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó gbin iṣu, àwọn obìnrin a gun òkè lọ, wọn a fi amọ̀ pupa rẹ́ ojú lílà náà, wọn a fọwọ́ pa á dán, kí inú òkè lè dùn.

Àwẹ̀ró tó ń hun kíjìpá wà lára wọn. Ogún ọdún ṣáájú ìtàn yìí, ilẹ̀ mì tìtì, òkúta sì yí lu Ọ̀jẹ́dìran ọkọ rẹ̀ pa lóko ẹ̀gẹ́. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó ń hunṣọ, ó sì ń wo òkè.

Òkè náà a máa kùn nígbà ọyẹ́, bí arúgbó tó ń yí ara padà lórí ẹní. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò kùn mọ́. "Òkè ti sùn," ni ìlú wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sí ìdí rẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni Àtóókẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí, ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀.

Lọ́dún kẹta yìí, Àwẹ̀ró ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ìkòkò amọ̀ kan ló máa ń tó wọn tẹ́lẹ̀. Wàyí o, wọ́n lo mẹ́ta, kò sì kárí. Àṣé lílà náà ń fẹ̀ sí i, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ń bo ohun tó yẹ kí wọ́n rí.

Ó kan èèkàn sínú ihò òkúta ní apá ọ̀tún lílà náà, ó kan òmíràn sí apá òsì, ó sì ta òwú láàárín wọn, èyí tó fi ìda oyin pa lára nítorí òjò. Kò fà á le. Ó jẹ́ kí ó sọ̀ bí ikùn ewúrẹ́ tó lóyún.

Baálẹ̀ Lánìhún bá a níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Àtóókẹ́, ṣé aṣọ lo fẹ́ hun fún òkè ni? Ó mà sanra o!"

"Mo kàn ń wọn ìbàdí rẹ̀ ni, Baba."

Ní ọrọọrún ló ń gòkè lọ wò ó. Fún ìgbà pípẹ́, òwú sọ̀. Nígbà tí Àtóókẹ́ fi bímọ, ikùn ewúrẹ́ ti fà wọnú. Ní ọjọ́ kẹfà tó bímọ, Àwẹ̀ró bá òwú náà tó nà gbọọrọ. Kò sí ariwo, kò sí eruku. Àwọn ẹyẹ ń kọrin. Ó fi èékánná ta á, ó dún tín-ín. Láti èwe ló ti ń ta òwú, ó mọ agbára apá tí ń fa òwú le bẹ́ẹ̀. Ta ni ó ń fa èyí? Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpáta. Ó tutù, ó dákẹ́. Ó wá yé e pé òkè kò sùn rí: ó ń fà, díẹ̀díẹ̀, láìsinmi, ní gbogbo ọdún tí wọ́n ń kọ́lé sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ẹ̀rù nìkan kọ́ ló mú un kúnlẹ̀, ọ̀wọ̀ òkè ni pẹ̀lú.

Ó sáré lọ bá ọmọ rẹ̀. "Gbé ọmọ, ká lọ."

"Ìyá mi, ọjọ́ méjì ló kù ká kó ọmọ jáde! Kí ni ayé á wí?"

"Jẹ́ kí ayé wí, Àtóókẹ́. Òkúta ò mọ ọjọ́ ìkómọ. Ọjọ́ tó pa bàbá rẹ, ẹyẹ ń kọrin."

Àtóókẹ́ wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì fa ọ̀já.

Baálẹ̀ pàdé wọn lójú ọ̀nà, ó fi ìbínú na ọ̀pá. "Èèwọ̀! Ta ló gbé ọmọ tí kò tí ì lórúkọ síta?"

"Máa lọ, ọmọ mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Baba, òkè ò sùn, ó ń ya; ẹ bá mi gòkè wá wò ó. Bí mo bá purọ́, kí n san ìtánràn."

Baálẹ̀ bá a lọ. Ó na ìka kan sí òwú náà. Kí ìka rẹ̀ tó kàn án, òwú já, pẹ́ẹ́! Baálẹ̀ kò tún rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sáré láti ilé dé ilé, fìlà lọ́wọ́, tó ń ké pé kí gbogbo ìdí òkè tú sí pápá.

Oòrùn kò tí ì wọ̀ tí ilẹ̀ fi mì. Apá àpáta kan rọra ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, bí ẹni ṣílẹ̀kùn, ó sì wó bo ilé mọ́kànlá. Ewúrẹ́ mẹ́rin kú, àti àkùkọ Baálẹ̀. Kò sí ènìyàn kankan tó kú. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, omi tútù ń dán láàárín òkúta, níbi tí ojú kankan kò dé rí.

Ní ọjọ́ kẹjọ, pápá ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n ní kí ìyá àgbà sọ tirẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọmọ náà sókè sí òkè. "Rẹ̀mílẹ́kún," ló wí.

Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá rí ìyàwó ilé tí wọ́n ń rẹ́ jẹ tí kò fèsì, tàbí ọ̀rẹ́ méjì tí ìjà wọn dákẹ́ láìparí, tí aráyé ń ní àlàáfíà ti dé, yóò mi orí, yóò ní: òwú tó ń le kì í ké, ọjọ́ tó bá já layé ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tó ń wí ni pé, ẹ lọ fọwọ́ kan òwú náà nísinsìnyí.