Onígbàjámọ̀ Tó Fi Ẹ̀kọ Bọ́ Ewúrẹ́

"Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí. Àwọn tó fẹ́ràn iyán ló máa ń pa á jù, wọn a sì pa á bí ẹni pé ọba ló fi òfin náà lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó tó pín oúnjẹ sípò sípò bí ẹni ń pín oyè? Báwo ni ọkà ṣe di oògùn, nígbà tí a kò tíì rí ẹni tí orí ń fọ́ tó sáré lọ ro ọkà? Kí sì ni ẹ̀kọ ṣe fún aráyé, tó jẹ́ pé ìgbà tí kò bá sí nǹkan kan mọ́ la tó ń rántí rẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyí.

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò, onígbàjámọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Òjẹ́dìran. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́. Ó lè fá orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kí ọmọ náà má jí. Ṣùgbọ́n bí abẹ rẹ̀ ṣe mú tó, ahọ́n rẹ̀ mú jù ú lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nílùú tí kò ní ìdájọ́ lé lórí, kò sì sí ẹni tó ń já a níyàn. Kì í ṣe pé ó gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Ta ni yóò máa bá ẹni tó gbé abẹ lé e lórí jiyàn?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló dùn mọ́ ọn jù. Iyán nìkan ni Òjẹ́dìran kà sí oúnjẹ. Ó ní ọkùnrin tí kò bá jẹ iyán lálẹ́ kò tíì jẹun, ó kàn fẹnu ṣeré ni. Ẹni tó ń gún iyán ọ̀hún ni kò fìgbà kan rò. Ìbíwùmí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ló ń gún un láti ìgbà tí apá rẹ̀ ti ká ọmọ odó. Nígbà tó yá, Ìbíwùmí lọ sílé ọkọ, ó sì gbé apá rẹ̀ méjèèjì lọ. Iṣẹ́ odó wá bọ́ sí ọrùn Ẹfúnyẹmí, ìyàwó Òjẹ́dìran.

Ẹfúnyẹmí kì í ṣe ọ̀lẹ. Amọ̀kòkò ni. Láti àárọ̀ kùtù ni yóò ti lọ wa amọ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, yóò gún un, yóò fi ẹsẹ̀ pò ó, yóò sì máa yí ìkòkò po títí oòrùn yóò fi rẹlẹ̀. Bó bá wálé nírọ̀lẹ́, tí ọrùn ọwọ́ ń ro ó, ọkọ rẹ̀ á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo odó. Kì í sọ nǹkan kan o. Ó kàn ń wo odó ni.

Lọ́dún náà, àwọn aláró ìlú kan nítòsí bẹ Ẹfúnyẹmí níṣẹ́ ọgọ́ta ìkòkò aró, wọn ò sì fún un ní àyè púpọ̀. Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbíwùmí, ẹ bá mi fara dà á títí iṣẹ́ yìí yóò fi tán. Ọbẹ̀ kò ní wọ́n nílé. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, n ó gúnyán. Lọ́jọ́ tí n kò bá tètè dé, ẹ jẹ́ ká máa ra ẹ̀kọ lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ó ti jinná, ó ti dì, ká kàn ṣí ewé ni."

"Ká kàn ṣí ewé," Òjẹ́dìran wí tẹ̀lé e, bí ẹni pé ewé náà ni wọ́n ní kó jẹ. "Ẹfúnyẹmí, ẹ̀kọ kì í ṣe oúnjẹ. Omi tó daṣọ ewé bora ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, orí mẹ́rin ló fá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì sọ ọ́. Kó tó di ọ̀sán, Ìyá Ẹlẹ́kọ, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tiwọn, ti gbọ́ pé omi tó daṣọ ewé bora lòun ń tà. Ó ń sẹ́ ògì rẹ̀ lọ.

Ẹfúnyẹmí náà ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, yóò gbé ẹ̀kọ márùn-ún kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀, yóò sì lọ na ẹ̀yìn. Òjẹ́dìran á jẹ ẹ̀fọ́ tán, á jẹ ẹja tán, á wá fi ẹ̀kọ sílẹ̀ nínú ewé, kí ayé lè rí i pé ebi ń pa á.

Nígbà tó di ọjọ́ keje, ó ránṣẹ́ sí bàbá ìyàwó rẹ̀. Fátókun ni bàbá náà ń jẹ́, abúlé tó ń gbé sì jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí Òkè-Amọ̀. Iṣẹ́ tí Òjẹ́dìran rán kò gùn: "Ẹ wá wo ọmọ yín. Kò fún mi lóúnjẹ mọ́. Bí ẹ kò bá bá mi bá a wí, n ó fẹ́ ẹlòmíràn tí yóò máa gúnyán." Ẹ rí i pé àánú ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe é. Nítorí kí odó má baà pa á lára ló ṣe fẹ́ fi orogún ràn án lọ́wọ́.

Ó mọ ọjọ́ tí bàbá yóò dé, kò sì sọ fún Ẹfúnyẹmí, nítorí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bá a lójijì. Àmọ́ nǹkan kan wà tí òun náà kò mọ̀, torí pé kò béèrè: ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ fẹ́ sun ìkòkò. Ẹni tó bá ti tiná bọ ìkòkò kì í fi í sílẹ̀ wálé. Bí iná bá ṣe segesège, gbogbo iṣẹ́ yẹn á di àpáàdì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ẹfúnyẹmí kó ẹ̀kọ mẹ́jọ sínú igbá, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbíwùmí, ilẹ̀ á ṣú díẹ̀ kí n tó dé lónìí. Oúnjẹ wà nínú igbá."

Bó ti lọ tán, Òjẹ́dìran gbé igbá jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹ̀kọ fún ewúrẹ́ àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo àwọn tó wá fárí.

"Ẹ jẹ́rìí mi," ó ní. "Ohun tí wọ́n ń fún mi jẹ nílé yìí nìyí."

Àwọn ewúrẹ́ kò ní ẹ̀sùn kankan ní tiwọn. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n sì jẹ ewé rẹ̀ mọ́ ọn.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Fátókun dé, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, eruku bò ó dé orúnkún. Òjẹ́dìran dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó bu omi fún un, ó tẹ́ ẹní fún un.

"Ọmọ mi ńkọ́?" Fátókun bi í.

"Ó wà nídìí ìkòkò, Bàbá. Ibẹ̀ ló ń gbé báyìí. Ọ̀rọ̀ tí mo ránṣẹ́ sí yín lé lórí gan-an nìyẹn—"

"Dúró ná. Láti ìdájí ni mo ti ń rìn, n kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Ẹni tí ebi ń pa kì í dájọ́. Wá oúnjẹ fún mi, ká tó sọ̀rọ̀."

"Iyán ni n ó fún yín, Bàbá," Òjẹ́dìran wí. "Iyán loúnjẹ."

Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ nídìí iṣẹ́, ohùn rẹ̀ dá ṣáká. Fátókun mi orí. Ó wá ku ẹni tí yóò gún un.

Òjẹ́dìran bọ́ sẹ́yìn ilé. Ó mú iṣu, ó sì fi abẹ bẹ ẹ́. Bíbẹ yẹn dára. Ó fá iṣu náà mọ́ kedere, kò sí ibi tó dá ọgbẹ́ sí. Ibẹ̀ ni dídára mọ. Iná kọ̀, kò ràn. Ó fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kò lè dúró mọ́, nítorí ó ń gbọ́ bí bàbá ṣe ń wú ikọ́ ìkìlọ̀ níwájú ilé. Ó kó iṣu tí kò jinná sínú odó. Bó bá gún un níhìn-ín, á fò sọ́hùn-ún. Ègé kan tilẹ̀ fò kọjá ẹnu ọ̀nà, ó lọ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àna rẹ̀. Fátókun mú un, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, ó rọra gbé e sílẹ̀. Àna rere kì í tètè sọ̀rọ̀.

"Ó kù díẹ̀, Bàbá," Òjẹ́dìran wí. Ó rántí gúgúrú tí oníbàárà kan fún un, ó sì gbé e wá. "Ẹ máa fi èyí panu ná, kẹ́nu má dilẹ̀."

Eyín tó kù lẹ́nu Fátókun kò ju mẹ́rin lọ, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì kojú ara wọn. Ó ju gúgúrú kan sẹ́nu, ó ń yí i kiri bí ẹni ń wá ibi tí yóò sọ ọ́ sí.

Nígbà tí iyán di kókó tán, Òjẹ́dìran rántí pé èlùbọ́ wà nínú ìṣà. Ó ti ń gbọ́ ọ pé ọkà yá ju iyán lọ. Ó da èlùbọ́ sómi. Iná tí kò ràn lẹ́ẹ̀kan wá ràn nísinsìnyí, ó ń jó lala. Ìsàlẹ̀ ìkòkò jóná, èlùbọ́ òkè ṣì funfun. Ó pò ó pọ̀, ó gbé e síwájú bàbá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

Fátókun gbé òkèlè kan mì. Ó di ojú.

"Òjẹ́dìran."

"Bàbá."

"Ta ló ń ṣàìsàn nílé yìí?"

"Kò sẹ́nì kan tó ń ṣàìsàn, Bàbá."

"Kí ló dé tí o fi se oògùn?"

"Ọkà ni, Bàbá."

"Mo rí i pé ọkà ni. Ó ń korò bí àgúnmu. Bó bá jẹ́ pé ọkà loògùn nílé tiyín, mo ti lo tèmi. Oúnjẹ ni mo ń béèrè."

Òógùn bo Òjẹ́dìran. Ó wá yé e pé òun tó pe ẹjọ́ àìróúnjẹ jẹ ló fẹ́ fi ebi pa adájọ́. Bí àgbà yìí bá sùn láìjẹun, gbogbo abúlé tó gbà kọjá ni yóò gbọ́ ọ bó bá ń padà lọ. Ta ni yóò wá fún un ní ìyàwó kejì? Àkọ́kọ́ gan-an ńkọ́, bí bàbá rẹ̀ bá ní kó dìde kó máa tẹ̀ lé òun? Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó sì sáré lọ sílé kẹta.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ń palẹ̀ mọ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, onígbàjámọ̀. Ṣé omi lẹ wá bù? Odò kò jìnnà."

Òjẹ́dìran wo ilẹ̀. "Ẹ̀kọ ni mo wá rà, Ìyá."

"Ẹ̀kọ? Ṣé àwọn ewúrẹ́ kò yó ni?"

"Àna mi ló dé. Mo gúnyán, kò gún. Mo ro ọkà, ó jóná. N kò rí nǹkan kan mọ́ tí n ó gbé fún wọn. Àìrí rárá ni, Ìyá."

"Àìrí rárá lẹ fi rántí mi."

"Àìrí rárá ni."

Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kò sí abẹ níbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ wò ó títí, ó sì ka ẹ̀kọ mẹ́fà sínú igbá. "Nítorí Ẹfúnyẹmí ni o," ó wí. "Ìkòkò tó mọ ni mo fi ń se é. Bàbá tó rìn láti ìdájí kò sì ṣẹ̀ mí."

Fátókun jẹ ẹ̀kọ náà. Ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ èkejì, ó jẹ ẹ̀kẹta. Oúnjẹ tútù náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò dá eyín kankan lẹ́bi. Nígbà tó jẹ ìkarùn-ún tán, ó nu ọwọ́.

"Ó yá, rojọ́ rẹ. Kí lọmọ mi ń fún ọ jẹ?"

Ẹ̀kọ kẹfà wà lọ́wọ́ Òjẹ́dìran, ó fẹ́ ṣí i fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń gbàlejò àna kọ́ ni mo ṣe yìí. Iyán loúnjẹ, n kò rí i gún. Ọkà loògùn, ẹ ti lò ó. Àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú."

"Ẹjọ́ lò ń rò yìí, àbí ẹ̀bẹ̀ lò ń bẹ̀?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí lọmọ mi fún ọ láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀kọ mẹ́jọ."

"Ṣé lára rẹ̀ ni mo jẹ yìí?"

"Rárá, Bàbá. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́."

Fátókun wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ewúrẹ́ àdúgbò yín mọ oúnjẹ jù ọ́ lọ," ó wí.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ẹfúnyẹmí fi wọlé, tí èéfín ń rùn lára rẹ̀. Ẹnu yà á láti rí bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ojú rẹ̀ sì lọ síbi odó, ó lọ síbi ìkòkò tó jóná, ó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ tó wà ní ìdọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ṣé kò sí o? Kí lẹ bá wá?"

"Ọkọ rẹ ló ní kí n wá jẹ iyán."

"Ṣé ẹ jẹ ẹ́?"

"Mo rí i," bàbá dáhùn. "Ìkòkò rẹ ńkọ́?"

"Méjì péré ló sán, Bàbá."

"Ìyẹn dára." Fátókun kọjú sí Òjẹ́dìran. "Kò sí ẹjọ́ níbí. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ ọmọ mi bá dilẹ̀, yóò gúnyán fún ọ. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dilẹ̀, tí iyán bá ń wù ọ́, ìwọ náà ti mọ ọ̀nà ibi odó."

"Mo gbọ́, Bàbá," Òjẹ́dìran wí. Ó gbé ẹ̀kọ kan tó kù fún ìyàwó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, gúgúrú ló jẹ sùn.

Nígbà tí Fátókun délé, ó ròyìn, ó sì fi ohùn àna rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ti ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu, odó bọ́ kúrò nínú rẹ̀, ọkà jíjóná bọ́ kúrò nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà bọ́ dànù. Ìgbà tó fi dé etí àwọn olólùfẹ́ iyán, ó ti di òfin. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń retí aya tó ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀, tó sì ń pa òwe yìí kíkan kíkan, ẹ má já a níyàn. Ẹ kàn sọ fún un pé ìdọ̀bálẹ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ pa á wà, tí ẹ̀kọ tó bẹ̀bẹ̀ gbà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó ní: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú.