Omi Búùtà Nínú Igbá Ọṣẹ

Ta ló sọ fún Búráímọ̀ pé ìkánjú ni wọ́n fi ń fá orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ?

Bàbá Jìnádù onígbàjámọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ ní tirẹ̀. Ó bu ọṣẹ dúdú tí kò ju èkùrọ́ lọ sínú igbá, ó ń kán omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pò ó títí ó fi hó, tó funfun bí òwú. Àfi gììrì tí Búráímọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ, já wọlé.

"Baba, àlejò ti kún ìta! Ṣé ọṣẹ náà lẹ ṣì ń pò?"

Kí baba tó dáhùn, ó ti gbé búùtà, ó da omi rẹ̀ sínú igbá gbàà. Ọṣẹ di omi ìfọṣọ.

Inú bí Bàbá Jìnádù. "Ó dáa. Ṣí fìlà rẹ, kí n kọ́kọ́ fi orí tìrẹ dán an wò."

Búráímọ̀ rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Baba fi omi ọṣẹ náà pa á lórí, ó fa abẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti iwájú dé ìpàkọ́.

"Yéè! Baba, ẹ rọra!"

"Kí n rọra kẹ̀? Orí rẹ tó le bí òkúta ń fẹ́ ẹ̀sọ̀, ti ọmọ tuntun ni kò fẹ́? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Dìde níwájú mi!"

Ó bu ọṣẹ mìíràn, ó tún un pò. Ọmọ náà ò tilẹ̀ jí títí wọ́n fi fá orí rẹ̀ tán.

Búráímọ̀ wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí baba parí tòun. Bàbá Jìnádù ti ń ká àpò abẹ rẹ̀.

"Èmi náà ń kánjú."