Àáró Fáànù tí Òkété Dá

Òkété gba fáànù inú kọ̀ǹpútà Ìgbín ní àáró, kò sì dá a padà. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá máa gbè é, kó sún mọ́ mi.

Kìnnìún ọba fẹ́ kí wọ́n to àwòrán ìwúyè rẹ̀ pọ̀ di fíìmù fún àjọ̀dún. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ dé ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ààfin láti ìgbà náà lọ. Ìgbín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, òun ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn àti Ẹfọ̀n náà ní kọ̀ǹpútà. Ti Òkété ló kéré jù, ṣùgbọ́n ojúkòkòrò rẹ̀ kò kéré.

Òkété gbọ́ pé èèyàn lè mú kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Òtítọ́ ni. Ó tún gbọ́ pé bó bá ṣe ń sáré tó ni yóò ṣe máa gbóná tó, àfi kí fáànù máa fẹ́ ẹ. Òtítọ́ ni èyí náà. Ló bá gba ilé Àmọ̀tẹ́kùn lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ikùn rẹ̀ kanlẹ̀, èyí tí kò ni í lára, nítorí ikùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi alára ọ̀ṣọ́, ṣebí a máa ń dá àáró lóko? Ẹ jẹ́ ká dá àáró fáànù. Ẹ yá mi ní tiyín kí n fi ṣe tèmi. Bí mo bá parí, gbogbo wa á kó fáànù wa wá sílé yín."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ lo máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́?"

"Bí nǹkan bá máa bàjẹ́, ṣé tiyín ló yẹ kó bàjẹ́ ni, àbí ti èmi eku lásán?"

Àmọ̀tẹ́kùn rí i pé ọmọ náà ní àpọ́nlé. Ó tú fáànù fún un. Òkété sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún Ẹfọ̀n. Ìyẹn ò tilẹ̀ rò ó. Ìwo ló fi yọ tirẹ̀.

Nígbà tó dé ilé Ìgbín, ìyẹn ló bi í léèrè. "Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Díẹ̀díẹ̀ ni. Wàá fi kún eré rẹ̀ díẹ̀, wàá fún un níṣẹ́, wàá wo bó ṣe gbóná tó, kí o tó tún fi kún un. Bó bá ń kú lójijì, dá eré rẹ̀ padà sẹ́yìn."

Òkété rẹ́rìn-ín títí gbogbo eyín rẹ̀ fi yọ. "Ìyá Oníkarahun, láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín, ẹ ò tíì jáde nílé. Ẹ̀yin lẹ wá ń kọ́ mi ní eré sísá?"

Ìgbín tú fáànù tirẹ̀. Àáró ni àáró. Ó gbé fáànù fún un.

Bí Òkété ṣe délé, ó fi amọ̀ dí ẹnu ihò rẹ̀, ó sì dí ẹ̀yìn ihò tó máa ń gbà sá fún ọdẹ, kí àwọn tó ni fáànù má bàa wọlé. Nígbà tó yá, Àmọ̀tẹ́kùn dé.

"Òkété, àáró ti kàn mí."

"Òkété ò sí nílé."

"Ta ló wá ń sọ̀rọ̀?"

"Ilẹ̀ ni."

Àmọ̀tẹ́kùn kí ilẹ̀, ó padà sílé. Ẹ má bú u. Àwọn alágbára kì í sábà bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nínú ihò, Òkété ti eré kọ̀ǹpútà dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ kìlọ̀ fún un pé ara òun ń gbóná. Òkété ní, "Ẹnu rẹ pọ̀," ó pa ìkìlọ̀ náà. Àwọn fáànù ń fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tí wọ́n fẹ́ jáde ni wọ́n tún ń fẹ́ wọlé. Kò pẹ́, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Òkété sáré síwájú, amọ̀ ti gan bí ìkòkò. Ó sáré sẹ́yìn, bákan náà ni.

"Ẹ gbà mí," ó ń ké. "Kì í ṣe ilẹ̀ o, Òkété ni."

Àwọn tó ni fáànù gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n sáré dé, Ẹfọ̀n ló fi ìwo wú u jáde. Irun imú rẹ̀ ti jó, ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti jó, fíìmù ọba ti bá a lọ. Ẹni tó bá dílẹ̀kùn mọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè, afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ló ń dí.

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ pa," Ẹfọ̀n wí.

"Ta ni yóò wá san àáró?" Ìgbín bi í. "Kó gbé fáànù tirẹ̀ náà, kó máa tẹ̀ lé wa láti ilé dé ilé."

Àmọ̀tẹ́kùn wo ilẹ̀. "Ìyá, ẹ kọ́kọ́ ṣe tiyín. Iṣẹ́ yín ni."

Ìgbín mọ̀ pé bí òun bá lọ sílé báyìí, iṣẹ́ ààfin kò lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó nu èédú ara fáànù rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀yìn, ó sì kọjú sí ilé Àmọ̀tẹ́kùn, nítorí Àmọ̀tẹ́kùn ni àáró kàn.