Ẹni Tó Wọn Ilẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògiri

Ọkùnrin kan wà tó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ránṣẹ́ pè é pé ilé méjì ń jà nítorí ààlà, ọjọ́ náà gan-an ni ìdájọ́ máa wáyé, kó sì kó nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun ilẹ̀ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà dé kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì láti fi mọ ibi téèyàn dúró sí, ó ju téèpù sínú àpò, ó gun ọ̀kadà.

Opó kan ló ń gbé lápá ọ̀tún, nínú ilé oníyàrá méjì tí ọkọ rẹ̀ kọ́ kó tó kú. Kànga kan wà lẹ́yìn ilé náà, opó náà kò sì ní omi mìíràn. Lápá òsì, ẹnì kan tó ti rọ́wọ́ họrí kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta síbẹ̀, ó sì ti to búlọ́ọ̀kù jọ láti mọ odi. Kànga yẹn ni wọ́n ń jà sí. Kálukú ní inú ilẹ̀ òun ló wà.

Igun mẹ́ta wà ní gbangba. Ọkùnrin náà dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ rí sátẹ́láìtì mẹ́sàn-án lójú ọ̀run, nọ́ńbà jáde kíá. Ṣùgbọ́n igun kẹrin fara ti ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pèrègún ló wà níbẹ̀, èyí tí ọkọ opó àti bàbá onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì jọ gbìn láti fi mọ ààlà. Bí ẹ̀rọ ṣe débẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ ọ́ fún un: "Bó o bá dé ẹ̀gbẹ́ ilé gíga, má gba ẹ̀rọ gbọ́. Jáde lọ sí gbangba, gba nọ́ńbà rẹ níbẹ̀, kó o wá fi téèpù wọ̀n ọ́n wá sídìí igun." Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n oòrùn mú, ẹ̀gún ló sì kún gbangba tó wà nítòsí.

Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì yọrí lójú fèrèsé. "Ọ̀gá, ẹni tó ń wọnlẹ̀ náà a máa jẹun o. Iyán ti wà lórí tábìlì."

Ní ìlú wọn, ẹni tó bá kọ oúnjẹ onílé ti pè é lọ́tàá. Ó wọlé. Ó gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ẹ̀rọ kò rí ẹyọ sátẹ́láìtì kan mọ́. Ohùn sátẹ́láìtì ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ó ti di tín-ín-rín kó tó dé ilẹ̀, páànù àti kọnkéré sì gbé ìyókù mì.

Ó yó, ó jáde, ó dúró sí òjìji ògiri nídìí pèrègún. Ẹ̀rọ rí mẹ́rin. Ohùn méjì nínú wọn kọ́kọ́ kọ lu ògiri kó tó ta padà sí i. Bẹ́ẹ̀ rèé, bí ohùn ṣe pẹ́ tó lọ́nà ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Àwọn tó yà lọ bá ògiri pẹ́ dé, ẹ̀rọ sì rò pé ọ̀nà wọn jìn ju bó ṣe rí lọ. Nínú nọ́ńbà tó gbé jáde, ó gbé ọkùnrin náà kúrò níbi tó dúró sí, ó fi í sí òdìkejì kànga, lápá ilé opó. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé òun lè ṣì í tó ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Ọkùnrin náà rí i.

Opó náà sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìdí pèrègún lẹ dúró sí yìí. Ẹ ṣáà wo ilẹ̀."

Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ̀rọ tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ fi ewé kọ́ lọ́gbọ́n?"

Ọkùnrin náà bá a rẹ́rìn-ín. Iyán kò tíì kúrò lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kóòtù fi òǹtẹ̀ lù ú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fa pèrègún tu, wọ́n mọ odi, kànga bọ́ sínú ilẹ̀ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó pàdé opó lọ́nà odò, kẹ́ẹ̀gì lórí. Ó kí i. Obìnrin náà ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà padà síbẹ̀, ó wọ inú ẹ̀gún, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, dé ojú ihò tí wọ́n ti fa pèrègún tu. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá géérégé ni nọ́ńbà ọjọ́ yẹn fi ṣì. Ó sáré tọ akọ̀wé lọ. Akọ̀wé ṣí ìwé fún un.

"Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi ni."

"Ìgbà wo lo wá ń purọ́, ọjọ́ yẹn àbí òní?" Ó pa ìwé dé.

Ẹ̀yin tí ẹbí yàn pé kí ẹ wá la ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí níjà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Òtítọ́ kì í pariwo; kì í la ògiri kọjá láti wá bá ẹni tó jókòó sí pálọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀, ògiri ẹni tó gbà yín lálejò ló ń ta á padà sí yín, tí ẹ sì ń pè é ní ẹ̀rí. Ẹ̀gún wà ní gbangba lóòótọ́, ibẹ̀ náà lẹ máa dúró sí kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí ẹnu yín bá ti sọ ọ́, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lè má rí ẹni tó máa gbọ́ àtúnṣe yín.

Láti àná, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n lẹ ti ń jẹun. Àbúrò ṣì wà níta. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í léèrè ohunkóhun.