Òkúta Ìpọ́n Ògúndìran

Láyé àtijọ́, Ògúndìran àti àbúrò rẹ̀, Akínrelé, ni onígbàjámọ̀ ìlú Ìdóòṣun. Orí tí abẹ wọn kò bá kàn níbẹ̀, orí ọmọ tí kò tíì hu irun ni. Baba wọn ló kọ́ wọn níṣẹ́, òun náà ló sì fi òkúta ìpọ́n méjì sílẹ̀ fún wọn kó tó kú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà jíjìn ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò tọ́jú ogún yìí. Epo ni wọ́n ń ta sí i bí wọ́n bá ń pọ́n abẹ, wọn kì í sì í fọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, epo àti ẹ̀rún irin dì mọ́ ọn lára, àárín rẹ̀ jin kòtò, abẹ wá ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí ilá.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Àwẹ̀ró, ìyàwó Ògúndìran, já bọ́ láti orí àká àgbàdo, tí orí rẹ̀ sì fọ́ mọ́ òkúta ààrò. Ìyá àgbà kan tó mọ ewé wo ojú egbò náà, ó mi orí.

“Irun ti wọ inú egbò lọ. Bí ẹ kò bá fá a kúrò lónìí, ewé mi kò ní ràn án, orí yóò sì kẹ̀.”

Ògúndìran mú abẹ, ó fi kan orí ìyàwó rẹ̀. Abẹ kò gé irun, fífà ló ń fà á. Àwẹ̀ró figbe ta. Abẹ bọ́ lọ́wọ́ Ògúndìran, omi lé ròrò sí i lójú. Òun tó ti fá orí gbogbo ìlú, ti aya rẹ̀ ló wá fẹ́ ṣòro yìí!

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi iná jó epo ara òkúta yìí,” Akínrelé wí. “Kíá ni yóò yọ́ dànù.”

Kí Ògúndìran tó dáhùn, Akínrelé ti ju òkúta tirẹ̀ sáàárín ẹyin iná. Epo hó, èéfín sọ. Inú Akínrelé dùn, ó fi ẹ̀mú yọ ọ́, ó da omi tútù lé e. Pàá! Òkúta fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Òkúta kan ṣoṣo ló wá kù nílùú.

“Ẹ gbé ọ̀bẹ wá, kí n fi ha tiyín,” Akínrelé tún wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Má fọwọ́ kàn án!”

Àwẹ̀ró ń kérora nínú yàrá. Gbogbo ara Ògúndìran ló ń sọ fún un pé kó kánjú, síbẹ̀ ó fara balẹ̀. Ó rẹ òkúta sínú omi eérú tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́, omi dúdú ń ṣàn. Ó dà á nù, ó tún fọ̀ ọ́, títí omi fi mọ́ kedere. Ó wá gbé e lọ sétí odò, ó bu yanrìn kíkúnná sórí àpáta pẹrẹsẹ, ó ń fi omi lọ òkúta náà lórí rẹ̀ bí ẹni ń lọ ata.

“Ẹ̀gbọ́n, oòrùn ti ń yẹ̀ o.”

“Mo rí i.” Kò gbójú sókè.

Díẹ̀díẹ̀, kòtò àárín òkúta parẹ́. Ògúndìran fi omi lásán pọ́n abẹ lórí rẹ̀, ó pọ́n ọ́n síwájú, ó pọ́n ọ́n sẹ́yìn. Ó fi kan irun apá rẹ̀, irun bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró di ẹní mú ṣinṣin, ó dijú, ó ń retí ìrora. Ó retí títí.

“Bàbá Ìbídùn, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?”

“Mo ti fá a tán.”

Àwẹ̀ró lajú, ó rí irun rẹ̀ nílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Bí ìyá àgbà ṣe ń fi ewé lé egbò, Ògúndìran jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Akínrelé dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fọ òkúta.

Láti ìgbà náà, bí àgbà bá rí oníwàǹwára, wọn a pa á lówe fún un pé: ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í nini lára.