Bí Fadérera Ṣe Rí Lẹ́tà U Fi Sọ̀rọ̀

Olóyè Lájùwọ̀n ló ni ilé tí Fadérera aránṣọ ń gbé, kò sì sẹ́ni tó ń borí rẹ̀ nínú eré ká mú lẹ́tà kan ká fi dárúkọ nǹkan. Ṣùgbọ́n bí Fadérera bá ti ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ, “kẹ̀kẹ́, kànga, kọ́kọ́rọ́” ló máa ń kà lọ títí aṣọ á fi parí. Lọ́jọ́ tó fi Gb na Olóyè lójú gbogbo èèyàn, Olóyè fò sókè. “Lọ́la, fi U dárúkọ nǹkan mẹ́fà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ẹrù ẹ kúrò nílé mi!” Fadérera kúnlẹ̀. “Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Màmá yín ṣe adájọ́.” Olóyè gbà, ó ń rẹ́rìn-ín ìyàngì, torí kò sí ọ̀rọ̀ kan tó fi U bẹ̀rẹ̀ nínú gbogbo ìwé tó kà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Fadérera bọ́ sójúde, ó nawọ́ sí ilé: “Ulé!” Ó gbá igi lójú: “Ugi!” Ó fa irun ara rẹ̀: “Urun!” Ó gbé igbá sórí: “Ugbá!” Ó nàka sí imú Olóyè: “Umú!” Ó wá gbé iṣu ńlá kan sókè: “Usu!” Àwọn èrò hó yèè. “Ojóró!” ni Olóyè pariwo. “Ta ló ń pe iṣu ní usu?” Màmá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Iléṣà bíi Fadérera, na ọ̀pá sí i. “Èmi ni! Kí ni mo fi tọ́ ẹ dàgbà? Ṣebí usu ni!”