Agbọ́n tíńtín nínú oko Ìgalà

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sóko àgbàdo Ìgalà.

Kòkòrò ń jẹ àgbàdo náà. Ìgalà rí ohun funfun wínníwínní lára wọn, ó ní, "Ẹyin wọn rèé!" Ó fín oògùn sí i. Kòkòrò pọ̀ sí i. Ó tún fín in, wọ́n jẹ ewé dé ìdí. Bó ṣe fín in lẹ́ẹ̀kẹta, Agbọ́n tíńtín kan já bọ́ síwájú rẹ̀, oògùn ti rin ín gbingbin, ó ń kọrin:

Ìgalà, ọmọ mi lo rí yẹn.
*Rọra o!*
Kòkòrò lọmọ mi ń jẹ dàgbà.
*Rọra o!*

Agbọ́n wọ́ dé ara kòkòrò kan, ó yé ẹyin ìkẹyìn sí i nínú, ó sì kú. Ìgalà wá mọ̀ pé àwọn ọmọ Agbọ́n lòun ti ń fi oògùn pa, ó kúnlẹ̀ fún un. Kò fín oògùn mọ́. Ọmọ inú ẹyin náà jẹ kòkòrò náà láti inú, ó jáde sí ara rẹ̀ ní funfun wínníwínní, ó di agbọ́n, irú-ọmọ rẹ̀ pọ̀, kòkòrò sì tán lóko.

Ẹ̀yin ọmọ, àgbàdo tí ẹ ń jẹ lọ́wọ́ yìí, ọmọ inú ẹyin yẹn ló gbà á sílẹ̀ fún yín.